Ìbọn Tó Bá Ọwọ́ Àbúrò Mi Mu

Ẹni tó bá fẹ́ mọ Olúkáyọ̀dé, kó kọ́kọ́ mọ̀ pé tépù kì í kúrò lápò rẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi bá ìjọba wọnlẹ̀ l'Ákùúrẹ́. Nígbà tó fẹ̀yìn tì tó padà wá sí Aramọkọ, tí kò rí ilẹ̀ wọ̀n mọ́, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ohunkóhun tí ojú rẹ̀ bá ti rí. Ó ti wọn ilẹ̀kùn mi. Ó ti wọn bẹ́ẹ̀dì mi. Lọ́jọ́ kan mo bá a nídìí ìkòkò ọbẹ̀ mi, ó ń wọn ẹnu rẹ̀, mo ní, "Káyọ̀dé, ṣé o fẹ́ kó sínú rẹ̀ ni?" Àbúrò mi ni, mo fi ọdún méje jù ú lọ, ẹ̀yìn mi ló sì ti sunkún dàgbà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má bínú bí mo bá sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bó ṣe wù mí. Èmi Comfort ti jẹ ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rí, àwọn ọmọ tí mo nà nígbà náà ti ń sọmọ lórúkọ báyìí. Ẹnu mi mú. Mo mọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìbọn tí mo fẹ́ sọ yìí, Ayọ̀bọ́lá ló fà á. Ọ̀rẹ́ Káyọ̀dé ni láti kékeré, oko kòkó wọn sì bára wọn pààlà. Lóṣù kẹsàn-án, nígbà tí kòkó ń pọ́n, àwọn ajínigbé mú Ayọ̀bọ́lá lójú ọ̀nà oko láàárọ̀ Ọjọ́rú, tòun tàdá lọ́wọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tó dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti wú, ó sì ń dá rẹ́rìn-ín níbi tí ẹnìkan ò ti pa á lẹ́rìn-ín. Ọmọ rẹ̀ wá mú un lọ sí Adó. Kó tó lọ, Káyọ̀dé bi í léèrè bí wọ́n ṣe rí i mú. Ó ní, "Wọ́n kàn ní kí n máa bọ̀ ni. Mo sì tẹ̀ lé wọn."

Gbólóhùn yẹn ni kò jẹ́ kí àbúrò mi rí ara gbé kalẹ̀ mọ́. Bó bá jókòó, á dìde. Bó bá dìde tán, á lọ mi ilẹ̀kùn wò, á wo irin fèrèsé, á padà wá jókòó, kò ní tíì fẹ̀yìn ti àga tí yóò tún ti dìde. Bọ́sẹ̀ ìyàwó rẹ̀ wá bá mi, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ bá mi bá ọkọ mi sọ̀rọ̀. Ìdí rẹ̀ kì í gbóná níbì kan. Bí ewúrẹ́ bá húkọ́ lẹ́yìnkùlé, á ní kí n dákẹ́ ẹnu." Kòkó sì ń pọ́n lórí igi, ó ń dúdú, ọ̀kẹ́rẹ́ ń jẹ ẹ́. Káyọ̀dé á wọ bàtà oko láàárọ̀, á dé ìta ilé, á dúró, á tún bọ́ bàtà. Ojú rẹ̀ a wá máa rí bí ojú ọmọ tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ẹni ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ejò bu ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ ńkọ́?

Ó wá bá mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń ṣa ẹ̀wà. Kò tíì kí mi tán tó fi sọ ọ́. "Àǹtí mi, ìbọn ni mo fẹ́ rà. Kékeré."

Mo ní, "Kékeré báwo? Ìbọn ọmọdé?"

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, Àǹtí mi. Èyí tí mo lè fi sára lọ sí oko, tí mo lè fi sára lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí mo sì lè fi sábẹ́ ìrọ̀rí nínú ilé."

Ẹ gbà mí! Ọmọ tí ìró bàǹgá máa ń mú kó sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní Kérésì! Mo da ẹ̀wà nù. Àmọ́ ó ti mú ìwé jáde. Ó tẹ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sórí ìwé, ó fi bírò yí i ká, ó sì kọ ìwọ̀n gbogbo ìka sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́. Ó ti fi ọ̀sẹ̀ méjì wo fọ́nrán lórí fóònù. Ó ní ṣakabùlà tí àwọn ọdẹ ń lò kò wúlò fún òun, nítorí kí òun tó ki ẹ̀tù, kí òun tó ki ọta, wọ́n á ti gbé òun kọjá odò. Mo ní ẹlẹ́nu méjì ńkọ́? Ó ní, "Ṣé kí n gbé e kọ́ èjìká lọ gba oúnjẹ Olúwa ni?" Ìbọn ìléwọ́ lòun ń fẹ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi, bí ẹni pé èmi náà fẹ́ rà nínú rẹ̀.

Ó ní èyí tó kéré jù kò fi bẹ́ẹ̀ dára bí àwọn èèyàn ṣe rò, torí pé ọmọńdinrín ìka kì í ríbi dì mú lára rẹ̀, bó bá sì dún, á ti ọwọ́ sẹ́yìn bí ìgbà tí ẹṣin tapá. Èyí tó tóbi kì í ta ọwọ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó wúwo, á sì máa yọ lábẹ́ bùbá. Irú kan wà tí èèyàn gbọ́dọ̀ fà lórí kó tó ṣiṣẹ́. Àtàǹpàkò òun ò lè fà á, nítorí òkúta ààlà ilẹ̀ tó já lù ú n'Íkẹ̀rẹ́ lọ́jọ́sí. Èyí tí ikùn rẹ̀ ń yí, tó ń gba ọta márùn-ún, òun ló bá òun mu, bí ìka òun bá lè dé ibi tí wọ́n ti ń fà á láìtiro. Ó ní, "Àǹtí mi, ìka tó tọ́ sí imú la fi ń re imú."

Mo ní, "Imú ta lo fẹ́ fi re, Olúkáyọ̀dé?"

 Ó ká ìwé rẹ̀, ó dìde, ó lọ mi ilẹ̀kùn mi wò.

Mo bá mú un lọ sọ́dọ̀ Ọládèjì. Ọládèjì ń gbé lẹ́yìn ilé mi. Sájẹ́ńtì ọlọ́pàá ni kó tó fẹ̀yìn tì, òun sì ló ń darí àwọn tó ń ṣọ́ àdúgbò wa. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ní, "Káyọ̀dé, ìwé àṣẹ ìbọn ọdẹ gan-an, ẹni tó bá rí i gbà, kó ṣọpẹ́. Ti ìléwọ́, ìjọba kì í fún irú èmi àti ìwọ. Bí wọ́n bá bá a lára rẹ, ẹ̀wọ̀n ni."

Káyọ̀dé ní, "Ọkùnrin kan wà ní òdìkejì Ẹ̀fọ̀n tó ní òun lè bá mi mú un wá."

"Ẹ̀wọ̀n náà ni."

"Ṣé ẹni tí wọ́n ń fà lọ bí ẹran nínú igbó máa ń rántí ẹ̀wọ̀n?" Àbúrò mi ti dìde. "Ayọ̀bọ́lá tẹ̀ lé wọn, Ọládèjì! Ó kàn tẹ̀ lé wọn ni!"

Ọládèjì gbé gíláàsì rẹ̀ padà sójú. Ó ní, "Ó dáa. Kí o tó ra irin, gbé igi ná. Jẹ́ kí káfíńtà gbẹ́ ẹ fún ọ bó ṣe máa rí gan-an. Fi sára fún ogójì ọjọ́. Ibi tí o máa ń lọ, máa lọ. Ohun tí o máa ń ṣe, máa ṣe é. Bí ara rẹ bá gbà á láìsí wàhálà, wá bá mi, a ó jọ sọ̀rọ̀." Nígbà tí a ń jáde lọ, ó ṣẹ́jú sí mi. Ohun tó ń rò yé mi. Ó rò pé kó tó pé ogún ọjọ́, yóò ti sú u. Inú mi dùn, mo tilẹ̀ fi ẹyin mẹ́fà ránṣẹ́ sí ìyàwó Ọládèjì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Kò sí ọjọ́ tí mi ò rántí ẹyin yẹn.

Ṣùgbọ́n Ọládèjì ò mọ àbúrò mi tó. Bí ẹ bá ní kí Káyọ̀dé ka iye ewé orí igi, á kà á tán. Joshua káfíńtà gbẹ́ ìbọn igi mẹ́ta fún un, ńlá, àárín àti kékeré, ó sì ki òjé sí inú wọn kí wọ́n lè wúwo bí irin. Ó kùn wọ́n ní dúdú. Àfi kí èèyàn mú wọn dání kó tó mọ̀ pé igi ni.

Ẹ̀yìn ìbàdí ló kọ́kọ́ fi ti ńlá sí. Lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn, ó rí bàbá ìjọ wa lábẹ́ igi máńgòrò, ó sáré lọ dọ̀bálẹ̀ fún un bí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́. Bùbá ká sókè, ìdí ìbọn yọ síta. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Favour figbe bọnu: "Ìbọn o!" Yéè! Ẹgbẹ́ akọrin tú ká. Ìyá kan tí orúnkún ti ń dà láàmú láti ọdún mọ́kànlá fo bẹ́ǹṣì kọjá, orúnkún ò sọ̀rọ̀. Èmi ni mo ń pariwo pé igi ni, pé eré ìkórè ni a fẹ́ lò ó fún. Nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti pa irọ́ yẹn, èmi ọ̀gá ilé-ìwé, èmi tí mo bí Ọlámijí!

Ó mú ti àárín, ó sọ ọ́ sápò agbádá. Ó ń gbá a lórúnkún bó bá ń rìn. Nígbà tó dọ̀bálẹ̀ fún àna rẹ̀, ìbọn ló kọ́kọ́ balẹ̀, gbì, kí òun tó balẹ̀. Ó ní àna òun bi òun pé kí ló wà lápò, òun ní Bíbélì ni. Ó gbìyànjú ọrùn ẹsẹ̀, ẹni tí kì í wọ ìbọ̀sẹ̀ àfi lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Níkẹyìn, ó mú èyí tó kéré jù, ó ní kí Bọ́sẹ̀ bá òun fi aṣọ rán ìgbànú onírọ́bà, ó sì dè é mọ́ iwájú ikùn lábẹ́ bùbá. Èyí ló bá a mu. Bó bá dúró, ẹnìkan ò mọ̀. Bó bá jókòó, bó bá wọ mọ́tò, bó bá gun ọ̀kadà, kò yọ. Ọwọ́ rẹ̀ ń dé ibẹ̀ kíá. Ó wá sọ́dọ̀ mi, ó ní, "Àǹtí mi, mo ti rí i." Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i tó jókòó tó mu omi tán láì dìde.

Ohun kan ṣoṣo ni ìbọn náà kò gbà. Kò ṣeé dọ̀bálẹ̀ lé lórí. Bó bá fi àyà lélẹ̀, ẹnu igi yẹn á gún un lábẹ́ ìdodo. Àwọn tó ń ṣe ìbọn bẹ́ẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣe é, bóyá wọn kì í kí ara wọn. Nínú gbogbo ohun tí Káyọ̀dé wò lórí fóònù, kò sí èyí tó sọ̀rọ̀ ọkùnrin Aramọkọ tó máa dọ̀bálẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ kó tó jẹun àárọ̀. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ba. Á tẹ orí síwájú díẹ̀, á fi ọwọ́ kan orúnkún, ó parí. Àwọn àgbà àdúgbò ń wò ó. Ẹnìkan bi mí lọ́jà pé ṣé oyè ńlá ni wọ́n fi àbúrò mi jẹ ni. Mo fún un lésì tó tọ́ sí i, ṣùgbọ́n ó dùn mí. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ta ló sì kọ́ Káyọ̀dé nílé bí kò ṣe èmi àti Bàbá?

Bàbá tí mo wí yìí ni Bàbá Samson, àbúrò bàbá wa. Ìdó-Ilé ló ń gbé. Nígbà tí bàbá wa kú, ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí, Káyọ̀dé jẹ́ mẹ́fà. Bàbá Samson ló kó wa sọ́dọ̀, ó fi iṣu àti kòkó rán wa níwèé, kò sì jẹ́ kí aṣọ wa yàtọ̀ sí ti ọmọ tirẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ojú rẹ̀ ti fọ́ láti ọdún mẹ́jọ, Blessing ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀. Òfin kan wà lágboolé rẹ̀. Ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá kò gbọ́dọ̀ dìde àfi bí Bàbá bá sọ pé, "Dìde." Bàbá kì í sì í tètè sọ ọ́. Á kọ́kọ́ na ọwọ́ ọ̀tún, á fi pa ẹni náà lẹ́yìn láti ọrùn dé ìbàdí, á máa kì í. Fún Káyọ̀dé, báyìí ló máa ń wí: "Àkànbí, ọmọ agbókè-sọ̀rọ̀-kílé-gbọ́." Nígbà tí Káyọ̀dé wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, Bàbá fi í sílẹ̀ lórí ìdọ̀bálẹ̀ lọ dá àwọn kan lóhùn níta, ó sì gbàgbé. Nígbà tó padà, Káyọ̀dé ti sùn lọ fọnfọn lórí ilẹ̀, ṣùgbọ́n kò dìde. Bàbá máa ń pa ìtàn yẹn fún gbogbo àlejò. Á ní, "Ọmọ mi nìyẹn."

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n tí Káyọ̀dé ti ń gbé igi ni a jọ wọ mọ́tò lọ kí Bàbá. Ẹ mọ ọ̀nà Ìtawúrẹ́ sí apá ibẹ̀, igbó níhìn-ín, òkè lọ́hùn-ún. Ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò níkùn. Nígbàkúgbà tí dírẹ́bà bá rọra sá fún kòtò, mo máa ń rí ọrùn rẹ̀ tó le gbagidi. A dé láyọ̀. Bàbá wà lórí àga nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti gbọ́ ẹsẹ̀ wa, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ sí ulé o." Mo kúnlẹ̀. Ó fọwọ́ kàn mí lórí, ó kì mí, ó ní kí n dìde.

Ó wá na ọwọ́ sílẹ̀ fún Káyọ̀dé.

Káyọ̀dé tẹ̀ ba lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Ọwọ́ Bàbá lọ sí ibi tí ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń wà, kò kan nǹkankan. Ó lọ síwájú, ó padà sẹ́yìn, ó ń wá a nílẹ̀ bí ẹni tí owó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àkànbí dà?"

"Èmi nìyí, Bàbá."

"Níbo lo wà?"

Háà, Káyọ̀dé! Ó ní, "Mo ti dọ̀bálẹ̀, Bàbá."

Bàbá dá ọwọ́ rẹ̀ padà, ó gbé e lé itan. Kò bínú. Ì bá tilẹ̀ sàn kó bínú. Ó ní, "Ohùn rẹ ń ti òkè wá."

Ó bá kọjú sí Blessing, ó ní kó gbé omi fún àlejò. Àlejò! Ilé tí a ti tọ́ wa dàgbà! A ò lò tó wákàtí kan níbẹ̀. Bàbá bi mí léèrè ọmọ, ó bi mí léèrè ìjọ, kò bi Káyọ̀dé ní nǹkankan mọ́. Kò sì kì í.

Mo gbé ìbínú mì nínú mọ́tò nítorí dírẹ́bà. Bí a ti dé ilé mi, mo ti ilẹ̀kùn. Mo ní, "Olúkáyọ̀dé, o purọ́ fún afọ́jú. O purọ́ fún ẹni tó ta iṣu ẹnu rẹ̀ kí o lè mọ bí wọ́n ṣe ń di bírò mú. Nítorí kí ni?"

Ó gbé bùbá sókè, ó fi ìgbànú hàn mí. "Àǹtí mi, ẹ wo bí ọ̀nà yẹn ṣe rí. Ṣé kí n bọ́ ọ sílẹ̀ nínú mọ́tò ni? Ṣé kí n bọ́ ọ níwájú Blessing?"

"Igi ni!" Mo pariwo débi pé adìyẹ sá. "Káyọ̀dé, igi ni! Kí ni igi máa ṣe fún ọ lójú ọ̀nà? Ṣé o fẹ́ fi dáná ni?"

"Mo mọ̀ pé igi ni. Ara mi ni mo ń kọ́. Bí mo bá ń bọ́ ọ níhìn-ín, tí mo ń bọ́ ọ lọ́hùn-ún, ọjọ́ tó bá di irin, ibi tí mo bọ́ ọ sí náà ni wọ́n á ti bá mi." Ó jókòó, ó dìde. "Ọjọ́ mẹ́tàlá ló kù. Bó bá ti pé, màá bọ́ ọ, màá lọ bá Bàbá, màá dọ̀bálẹ̀ títí wọn á fi ní ó tó."

Mo ní kó lọ lọ́la. Ó ní ó ku ọjọ́ mẹ́tàlá. Mo ní kó lọ lọ́túnla. Ó ní kí n ṣe sùúrù, pé ohun tí a bá ti bẹ̀rẹ̀, ká wọ̀n ọ́n dé ìparí. Ẹ̀rù ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n inú ti bí mi, mi ò gba ti ẹ̀rù rò. Mo ní kó máa lọ sílé rẹ̀. Ó yẹ kí n mú ọ̀bẹ ìdáná, kí n gé ìgbànú yẹn lára rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà, Blessing pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Màmá, Bàbá kò jẹun dáadáa mọ́. Wọ́n ní kí ẹ sọ fún Bàbá Káyọ̀dé pé kí wọ́n wá. Wọ́n ní..." Ọmọ náà ń lọ́ra. "Wọ́n ní ṣé àwọn ṣẹ̀ wọ́n ni?"

Mo sáré lọ bá Káyọ̀dé. Mo sọ ọ́ fún un bí Bàbá ṣe wí i, mi ò bu iyọ̀ sí i, mi ò bu ata sí i. Ó bo ojú. Ó sunkún, ọkùnrin ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Ó ní, "Àǹtí mi, ọjọ́ méje péré ló kù." Mo wò ó. Ojú rẹ̀ ti wọnú, kì í sùn mọ́, ọwọ́ rẹ̀ wà níkùn níbi tó ti ń sunkún. Mo bínú, mo padà sílé. Lálẹ́, ó pe Bàbá, ó ní òun ń bọ̀ ní Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, òun ń bọ̀ wá dọ̀bálẹ̀. Blessing ní Bàbá gbọ́ ọ, wọ́n sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Bàbá Samson kú ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ méjì sí Àbámẹ́ta yẹn, lẹ́yìn tí Blessing fún un ní ògì láago mẹ́ta ọ̀sán. Ọjọ́ kejìdínlógójì ni.

Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni a sin ín sí àgbàlá rẹ̀. Ogójì ọjọ́ ti pé, ó ti kọjá. Nígbà tí mo wọ mọ́tò pẹ̀lú Káyọ̀dé, tí ó wọ aṣọ funfun, mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó lọ síkùn ní Ìtawúrẹ́. Mo wò ó. Ó ní, "Ó ti mọ́ mi lára, Àǹtí mi." Bọ́sẹ̀ kọjú sí fèrèsé, ó ń nu ojú. Ọládèjì náà bá wa lọ. Ó jókòó níwájú, kò bojú wẹ̀yìn rárá.

Àlùfáà parí àdúrà. Wọ́n gbé pósí sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ọmọ Bàbá bu iyẹ̀pẹ̀ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá kan Káyọ̀dé. Ó bu tirẹ̀, ó dà á. Kò kúrò níbẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó wo ihò yẹn fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ló dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ pupa tí wọ́n kó jáde, nínú aṣọ funfun yẹn, àyà nílẹ̀, ikùn nílẹ̀, iwájú orí nílẹ̀. Mo gbọ́ bó ṣe kérora nígbà tí igi gún un. Kò gbéra. Ó tẹ ara rẹ̀ mọ́ ọn.

Ó ṣeé ṣe, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó dùn ún, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe. Ì bá ti ṣe é ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá lọ́jọ́ tí ọwọ́ yẹn ń wá a nílẹ̀.

Ìṣẹ́jú kan kọjá. Ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá. Àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ dúró pẹ̀lú ṣọ́bìrì lọ́wọ́. Àwọn ọkùnrin méjì wá fà á lápá, kò gbà. Wọ́n ń sọ pé ọ̀fọ̀ ti wọ̀ ọ́ lára, kí wọ́n bu omi sí i lójú. Ọládèjì dúró lẹ́yìn gbogbo èèyàn, ó ń sunkún láìbojú. Èmi nìkan ni mo mọ ohun tí àbúrò mi ń dúró dè. Èmi ni àgbà tó kù fún un láyé báyìí. Mo rọra kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀, mo na ọwọ́ ọ̀tún, mo fi pa á lẹ́yìn láti ọrùn dé ìbàdí, bí Bàbá ṣe máa ń ṣe.  Mo ní, "Àkànbí, ọmọ agbókè-sọ̀rọ̀-kílé-gbọ́."  Mo ní, "Dìde."

Kò dìde. Ó yí ẹnu sí mi díẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ wà létè rẹ̀.

Ó ní, "Àǹtí mi, ohùn mi ń ti ilẹ̀ wá báyìí. Ṣé Bàbá gbọ́?"

 Mo tún fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn, mo sì tún ní kó dìde.